Ọ̀kẹ́ kan, móòlù kan: bí CHM 101 ṣe wá yé mi

Ọjọ́ tí wọ́n lẹ èsì tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ wa mọ́ ògiri, 9 ni mo rí níwájú nọ́ńbà mi, 9 nínú 30. CHM 101 ni, kẹ́míṣírì ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Mo fi ìka tọ ìlà yẹn láti òsì dé ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta kó má lọ jẹ́ pé ìlà ẹlòmíì ni mò ń wò, 9 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Èmi tí mo gba A nínú kẹ́míṣírì ní WAEC o, tí àwọn ará ilé wa ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ti ń pè ní dókítà látìgbà tí mo wà ní SS2. Mi ò sọ fún ẹnì kankan nílé. Mo wọ danfo padà, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, kọndọ́ ń pariwo, àwọn èèyàn ń bọ́ọ́lẹ̀ wọ́n ń wọlé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń yí lọ́kàn mi láti ibẹ̀ délé: móòlù.

Torí móòlù ló pa mí nínú tẹ́ẹ̀sì yẹn. Mo mọ fọ́múlà ẹ̀ o. Tí ẹ bá jí mi lóru, mo lè kà á fún yín, ẹ fi molar mass, ìyẹn ìwúwo móòlù kan, pín iye gíráàmù, ẹ ti rí móòlù nìyẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá ti yí ìbéèrè yẹn padà díẹ̀, tí kò wá ní ọ̀nà tí mo ti rí i rí, ọwọ́ mi á kàn dúró lórí kálíkúlétọ̀. Mi ò mọ ohun tí mò ń kà. Mò ń pín nọ́ńbà, mò ń sọ nọ́ńbà di púpọ̀, àmọ́ tẹ́nì kan bá ní kí n nawọ́ sí nǹkan tí nọ́ńbà yẹn dúró fún, mi ò ní rí ibì kankan nawọ́ sí.

Yunifásítì tí mo lọ, ẹ jẹ́ n fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ilé ìwé kan ṣoṣo. Gbogbo ọmọ sáyẹ́ǹsì ló máa ń ṣe CHM 101, àwọn tó fẹ́ di dókítà, àwọn ẹnjiníà, àwọn fámásì, àwọn báólójì, àti àwọn tó fẹ́ ka kẹ́míṣírì gan-an, àwọn yẹn ò tiẹ̀ pọ̀. Gbọ̀ngàn yẹn á kún dé ẹnu ọ̀nà. Tó o bá fẹ́ ríbi jókòó níwájú fún lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́jọ, o ti gbọ́dọ̀ wà lójú títì ní aago márùn-ún àbọ̀, àwọn tó bá pẹ́ á dúró síta lójú fèrèsé, wọ́n á máa da ohun tí wọ́n gbọ́ kọ sínú ìwé, ohun tí wọn ò gbọ́ á kọjá lọ. Lẹ́kíṣọ́rà wa kì í ṣe èèyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀, ohùn ẹ̀ ti há nítorí ariwo tó ń pa borí ariwo wa. Àmọ́ wákàtí kan ló ní, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ló ń wò ó, ta ló máa na ọwọ́ sókè láàárín èrò yẹn pé ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni móòlù? Ohun tí gbogbo wa ti kọ́ láti SS1? Ìtìjú ò ní jẹ́ kó o dìde. Èmi náà ò dìde.

Ìyá mi ń ta ẹ̀wà, ìrẹsì àti gàrí ní ọjà Oyíngbò. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ ràn án lọ́wọ́. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, máa ń wà níbẹ̀ lórí àpótí kékeré kan lẹ́yìn àwọn báàgì, ojú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ nígbà yẹn àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní ìsọ̀ yẹn tí kò gbọ́. Sátidé tó tẹ̀lé tẹ́ẹ̀sì yẹn, mo gbé hándáwùtì mi lọ, tí oníbàárà kan bá lọ kí òmíì tó dé, mo ti ṣí i.

"Àjọkẹ́, kí lò ń kà tó o fajú ro báyìí?"

"Iṣẹ́ skúùlù ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ skúùlù ni. Kí ló wí?"

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Mi ò sọ̀rọ̀ kẹ́míṣírì ní Yorùbá rí láyé mi, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, inú òyìnbó ni mo ti bá wọn pàdé. Mo ní, "Màmá, nǹkan kéékèèké kan wà tójú ò lè rí, àwọn ló para pọ̀ di omi, àwọn ló di iyọ̀, àwọn ló di gbogbo nǹkan. Wọ́n kéré débi pé kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn onímọ̀ wá mú iye kan, wọ́n ní tó bá ti pé iye yẹn, móòlù kan nìyẹn."

"Ọ̀kẹ́ nìyẹn nù un."

"Rárá o Màmá, kì í ṣe báàgì. Nọ́ńbà ni."

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ báàgì? Ṣé o ò mọ̀ pé iye ni ọ̀kẹ́ ni?"

Ó wá kà á fún mi bí ìyá ìyá tiẹ̀ ṣe kà á fún un. Nígbà tí wọ́n ń ná owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n máa ń sín sójú okùn kan. Àádọ́ta okùn ló ń jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ kan. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20 owó ẹyọ nìyẹn, tí wọ́n rọ sínú àpò kan, orúkọ àpò yẹn ló wá di orúkọ iye yẹn. Mo ti ń gbọ́ ọ̀kẹ́ látìgbà tí mo ti dáyé, mo tiẹ̀ kọ́ ọ nínú ìwé òǹkà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò wá sí mi lọ́kàn rí pé àwọn baba wa ti jókòó, wọ́n ti wo nǹkan tó pọ̀ ju kíkà lọ, wọ́n sì ti fi ọ̀rọ̀ kan dì í kó lè ṣeé gbé.

Ìyá àgbà ò sì dákẹ́ síbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àwọn báàgì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ní tó o bá ka ẹ̀wà lẹ́yọ lẹ́yọ tó pé ọ̀kẹ́ kan, tó o sì ka ìrẹsì náà tó pé ọ̀kẹ́ kan, iye kan náà ni, àmọ́ alábàárù ò ní gba owó kan náà lọ́wọ́ ẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka kẹ́míṣírì, ẹ ti mọ ohun tí ìyá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Molar mass ló sọ. Móòlù kan kábọ́ọ̀nù, gíráàmù 12. Móòlù kan omi, gíráàmù 18. Móòlù kan iyọ̀ tí à ń jẹ, gíráàmù 58.5. Iye kan náà, ẹrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti kọ èyí sínú ìwé bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ọ.

Nígbà tá a délé lálẹ́, mo bẹ àbúrò mi ọkùnrin, àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ a ka ẹyọ ẹ̀wà 100 sínú náílọ́ọ̀nù kan, a ka ẹyọ ìrẹsì 100 sínú òmíì. Ọjọ́ Tuesday mo kó wọn lọ sí lábù, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n fi síkéèlì wọ̀n wọ́n. Ẹ̀wà wúwo tó gíráàmù 21, ìrẹsì jẹ́ gíráàmù 2 àti díẹ̀. Ó ti tán nìyẹn. Látọjọ́ yẹn lọ, mi ò nílò kí n ka ẹ̀wà kankan mọ́. Tí mo bá wọn kílò 21 ẹ̀wà, mo mọ̀ pé iye ẹyọ tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti kílò 2 ìrẹsì dọ́gba, láìfọwọ́ kan ẹyọ kan. Iṣẹ́ tí òṣùwọ̀n ń ṣe nínú kẹ́míṣírì nìyí, ohun tójú ò lè kà, a fi ìwúwo kà á.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni bí iye yẹn ṣe pọ̀ tó. Ọ̀kẹ́ jẹ́ 20,000. Móòlù jẹ́ 6.02214076 × 10²³, ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ káàkiri àgbáyé pé iye yẹn gan-an ni, kò lé kò dín. 602 ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ wá to òdo 21 tẹ̀lé e. Mo gbìyànjú lọ́jọ́ kan láti mọ bó ṣe pọ̀ tó. Mo ní tí gbogbo èèyàn tó wà láyé, bílíọ̀nù 8, bá ń kà á, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ka ẹyọ kan ní gbogbo sẹ́kọ́ńdì, kí wọ́n má sùn, kí wọ́n má jẹun. Ó máa gbà wọ́n ju mílíọ̀nù 2 ọdún lọ. Ẹ sì wo pure water, náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, sẹ́ńtílítà 50, gíráàmù 500 omi nìyẹn, ẹ fi 18 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó móòlù 28. Ohun tí gbogbo ayé ò lè kà tán nínú mílíọ̀nù ọdún méjì, ó wà lọ́nà 28 nínú nǹkan tí ọmọ kékeré ń gbé sórí tà ní Oyíngbò. Ìgbà tí mo ṣe ìṣirò yẹn tán, mo gbé pure water kan sórí tábìlì, mo kàn ń wò ó ni.

Ti gáàsì tún wá dùn mọ́ mi jù. Nínú ìwé wa, wọ́n ní móòlù kan gáàsì yòówù kó jẹ́ máa gba ààyè lítà 22.4. A máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ ni, àmọ́ ooru 0°C ni wọ́n fi ṣírò yẹn, ibi tí omi ti ń di yìnyín, ta ló ń gbé ibẹ̀? Mo ní ká fi ooru Èkó ṣe é. Mo fi 30°C sínú fọ́múlà, PV = nRT, ohun tó jáde jẹ́ lítà 24.9. Mo gbójú sókè, kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tá a fi ń pọn omi wà níwájú mi ní kọ̀ọ̀rọ̀ kíṣìnì. Lítà 25.

Kẹ́ẹ̀gì tí gbogbo ilé ní Èkó ní. Tí omi bá tán nínú ẹ̀, tá a ní òfìfo ni, móòlù kan afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé géérégé, ìwúwo ẹ̀ sì jẹ́ bíi gíráàmù 29. Tó bá jẹ́ carbon dioxide la rọ kún un, gíráàmù 44. Tó bá jẹ́ hydrogen, gíráàmù 2 péré. Kẹ́ẹ̀gì kan náà, iye ẹyọ kan náà. Látọjọ́ náà títí dòní, mi ò rí kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò kí ọ̀rọ̀ yìí má wá sí mi lọ́kàn.

Ohun tí kẹ́ẹ̀gì yẹn sọ fún mi gan-an ni Amedeo Avogadro, ará Ítálì, sọ ní 1811: gáàsì yòówù, tí ààyè wọn bá dọ́gba, tí ooru àti ìfúnpá wọn bá dọ́gba, iye ẹyọ wọn dọ́gba. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn. Ẹ rò ó wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún tí àwọn àgbà onímọ̀ kẹ́míṣírì fi ń bára wọn jiyàn, àwọn kan ń kọ omi ní HO, àwọn míì ń kọ ọ́ ní H₂O, torí wọn ò tíì gbà lórí ohun tí wọ́n ń kà. Ìgbà tí wọ́n pé jọ ní Karlsruhe ní orílẹ̀-èdè Jámánì ní 1860, ará Ítálì míì tó ń jẹ́ Stanislao Cannizzaro ló dìde, ó gbé ọ̀rọ̀ Avogadro padà wá sí ojútáyé, ó ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, wọ́n sì pín ìwé kékeré tó kọ fún àwọn tó wá. Avogadro ti kú ní 1856. Mendeleev, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Rọ́ṣíà, wà níbi ìpàdé yẹn, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní 1869, ó gbé periodic table tiẹ̀ jáde, èyí tá a lẹ̀ mọ́ ògiri gbogbo kíláàsì.

Ìtàn yìí tù mí nínú ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohun tó rú mi lójú nínú gbọ̀ngàn yẹn rú àwọn àgbà lójú fún ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún, tẹ́nì kan bá ti sọ èyí fún mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ǹ bá ti na ọwọ́ mi sókè. Mo rò pé ó yẹ kí gbogbo lẹ́kíṣọ́rà fi bẹ̀rẹ̀.

Látìgbà yẹn mo wá ń wá kẹ́míṣírì kiri nínú gbogbo nǹkan ayé mi. Limiting reagent, èyí tó ti gba máàkì lọ́wọ́ mi nínú tẹ́ẹ̀sì yẹn, ibi súfiníà ló ti yé mi. Àǹtí mi kan fẹ́ ṣe ìnáwó, gbogbo wa jókòó sílẹ̀ lálẹ́ à ń di ẹ̀bùn sínú náílọ́ọ̀nù, abọ́ kan síbí mẹ́ta, abọ́ kan síbí mẹ́ta. Abọ́ tí wọ́n rà jẹ́ 60, síbí 150. Nígbà tá a di ìkàádọ́ta tán, síbí tán, abọ́ mẹ́wàá wá dúró sílẹ̀ láìṣiṣẹ́. Àǹtí mi ń bínú sí ẹni tó lọ rà á, èmi ń wo abọ́ mẹ́wàá yẹn. Nitrogen kan ń wá hydrogen mẹ́ta kó tó di àmónià méjì, òun náà nìyẹn, àmónià tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ yúríà tí àwọn àgbẹ̀ ń dà sóko. Ohun tó bá kọ́kọ́ tán ló ń sọ iye tó máa jáde, kò kan èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lábù, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù, ibẹ̀ náà ló sì tún mi ṣe. Ní sẹ́kọ́ńdírì, mi ò di bíúrẹ́ẹ̀tì mú rí, ọ̀pá gíláàsì tó ní nọ́ńbà lára, tí wọ́n fi ń kán ásíìdì díẹ̀díẹ̀. Àwa ogójì yí tábìlì kan ká, tíṣà ń ṣe é, à ń wò, lẹ́yìn náà wọ́n á kọ rídíǹ, iye ásíìdì tó lọ, sójú bọ́ọ̀dù, gbogbo wa á dà á kọ. Bí mo ṣe gba A nìyẹn. Ní yunifásítì wọ́n kó wa sí gúrúùpù, àwa mẹ́jọ sí bíúrẹ́ẹ̀tì kan, iná ò sí, ooru mú, lábùkóòtù mi ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Àwọn méjì nínú wa tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ń ṣe é, àwọn yòókù ń sè é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é rí mọ ohun tí mò ń wí, wọ́n á wo ohun tẹ́ni ẹ̀gbẹ́ wọn rí, wọ́n á fi 0.10 kún un, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá kan wà níbẹ̀, tẹkinọ́lójíìsì ni, irun ẹ̀ ti funfun, gbogbo wa ń pè é ní Bàbá Lábù. Ó rí mi lẹ́yìn àwọn yòókù, mo di bírò mú mò ń dúró de rídíǹ.

"Ìwọ, wá síbí. Ṣé o ti ṣe é?"

"Rárá sà."

"Kí lo wá fẹ́ kọ?"

Mi ò lè dá a lóhùn. Ó fọ bíúrẹ́ẹ̀tì yẹn, ó rọ ásíìdì sí i fúnra ẹ̀, ó fún mi ní pìpẹ́ẹ̀tì, ó dúró tì mí títí mo fi fa 25 cm³ sodium hydroxide, béèsì ni, sínú ìgò kọ́níkà, ó ní kí n kán phenolphthalein sí i, èyí tó máa ń di píǹkì nínú béèsì. Ó di píǹkì, píǹkì tó mọ́ bí òdòdó. Ó ní, "Ó yá, ṣí i. Má wo ojú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ, inú kọ́níkà ni kó o máa wò." Mo ṣí i, mò ń mi kọ́níkà, ásíìdì ń kán, píǹkì yẹn ń sá lọ ó ń padà, ń sá lọ ó ń padà. Ó ní rọra. Ó ní rọra, ó kù díẹ̀. Ẹ̀kán kan bọ́, mo mì í, gbogbo píǹkì yẹn lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó mọ́ bí omi òjò. Ẹ̀kán kan péré ni o. Bàbá Lábù bẹ̀rẹ̀ kí ojú ẹ̀ lè bá ìlà yẹn dọ́gba, ó ní kí èmi náà bẹ̀rẹ̀, kí n kà á fúnra mi. 24.80. Mo tún un ṣe, 24.70. Mo tún un ṣe, 24.80.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣírò ẹ̀kán yẹn. Ẹ̀kán kan á tó 0.05 cm³. Ásíìdì wa jẹ́ 0.1 M, ìyẹn móòlù 0.1 nínú lítà kan. Iye ẹyọ hydrogen tó wà nínú ẹ̀kán kan ṣoṣo yẹn, 3 tí òdo 18 tẹ̀lé. Ọ̀pọ̀ yẹn ló bọ́ sínú kọ́níkà lẹ́ẹ̀kan náà tí àwọ̀ fi yí padà lójú mi. 24.80 tí mo kọ sínú ìwé yẹn, èmi ni mo ni ín, ọwọ́ mi ló ti wá. Ọdún mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdírì, kò sẹ́ni tó fún mi nírú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyá mi láàmú ní kíṣìnì. Ó se zobo lọ́jọ́ kan, mo bu díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù mẹ́ta. Mo fi káún tó fi ń se ewédú sínú ọ̀kan, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú èkejì, mo fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ pọ́n kọjá bó ṣe wà, ti káún dúdú, ó wá ń lọ sí àwọ̀ ewé. Ìyá mi ní, "Kí lo fi sí i?" Mo fún ọsàn sínú ti káún yẹn, ó hó, ó ń hó, pupa ẹ̀ ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi fi ọmọrogùn sílẹ̀, ó wá dúró tì mí. Obìnrin tó ti ń fi káún se ewédú láti kékeré, ó mọ̀ pé ó máa ń jẹ́ kó yọ̀, ó mọ̀ pé ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀, ó mọ̀ pé tó bá pọ̀ jù á máa korò lẹ́nu. Òun ló ní ìmọ̀ yẹn, èmi ni mo kàn wá bá a sọ ohun tó ń jẹ́ nínú ìwé, pé káún jẹ́ béèsì, ọsàn jẹ́ ásíìdì, pé hóhó yẹn, carbon dioxide ló ń jáde níbẹ̀.

Ẹ̀ka yòókù nínú kọ́ọ̀sì yẹn, orbital, quantum numbers, mi ò rí nǹkan kankan ní Oyíngbò tí mo lè fi wé wọn, orí ni mo fi gbé wọn wọ ìdánwò. Ọdún kejì ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi.

Àmọ́ ohun tó yí gbogbo ẹ̀ padà gan-an ni pé mo dẹ́kun kíka kẹ́míṣírì ní òyìnbó nìkan. Ọmọ Ìkòròdú kan wà ní gúrúùpù mi, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn lẹ́kíṣọ̀, àdéhùn wa ni pé tó o bá fẹ́ ṣàlàyé nǹkan, ní Yorùbá ni. Ẹ lè pe hydrogen ní hydrogen, ẹ lè pe móòlù ní móòlù, àwa ò wá orúkọ tuntun fún nǹkan kan, àmọ́ àlàyé ẹ̀, ìdí ẹ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, Yorùbá. Ẹ ò lè gbàgbọ́ bí ó ṣe tètè máa ń hàn tí nǹkan ò bá yé yín. Ní òyìnbó, mo lè ka gbólóhùn inú hándáwùtì jáde kí n máa dún bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní Yorùbá, tí kò bá yé mi, ẹnu mi á dákẹ́ ni. Láàárín oṣù kan, a ti di mẹ́rin, lẹ́yìn náà a di mọ́kànlá, ọmọ Íbò kan tó dàgbà sí Ṣómólú wà lára wa, Yorùbá ẹ̀ dáa ju ti àwọn kan nínú wa lọ.

Mi ò mọ nígbà yẹn pé ẹnì kan ti ṣe é ṣáájú wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Ifẹ̀, ní 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́, ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà níbẹ̀, òyìnbó wá jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi òyìnbó kọ́ lọ. Ìgbà tí mo kà nípa ẹ̀, inú bí mi, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n ti ṣe é, wọ́n ti rí i pé ó ṣiṣẹ́, èmi sì tún lọ jókòó sínú gbọ̀ngàn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà tí mò ń rò pé orí mi ni kò pé. Ọmọ mélòó ló ti fi kẹ́míṣírì sílẹ̀ báyẹn, tó lọ ń sọ kiri pé sáyẹ́ǹsì ò wà fún òun?

Nínú ìdánwò ìparí sẹ̀mẹ́sítà, ìbéèrè kan wá pé gíráàmù 5.85 iyọ̀, ẹyọ sodium mélòó ló wà níbẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá móòlù nìyẹn. Mi ò ronú kan fọ́múlà, báàgì ẹ̀wà àti báàgì ìrẹsì ni mo rí, mo rí alábàárù. B ni mo gbà. Mo lọ sọ fún Ìyá àgbà, ó ní kí ni B, mo ní ó dáa, Màmá, ó ní ó dáa náà ni, kí n gbé omi wá fún òun.

Ìyá àgbà ti sùn báyìí, ó lé ní ọdún mẹ́rin. Àbúrò mi tá a jọ ka ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì lọ́dún yìí, ó ti ń ṣe CHM 101, èmi sì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí mo ti ń yẹ omi wò, bíúrẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé hándáwùtì wálé, ó jókòó sí pálọ̀, mo rí i bó ṣe fajú ro. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo lọ sí kíṣìnì, mo da omi inú kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò sínú dúrọ́ọ̀mù, mo gbọ̀n ọ́n nù, mo gbé e wá sórí tábìlì níwájú ẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Ó wo inú kẹ́ẹ̀gì, ó wò mí. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Àǹtí mi."

"Gbé e wò."

Ó gbé e. Ó tún gbé e sílẹ̀. Ìyá wa ń bọ̀ láti kíṣìnì pẹ̀lú abọ́ àmàlà lọ́wọ́, ó rí kẹ́ẹ̀gì lórí tábìlì, ó rí ìwé, ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó ní, "Ọ̀kẹ́ kan ló wà níbẹ̀. Gbé e kúrò kó jẹun ná."